Dàágbó Tó Wẹ Ọ̀níní Bí Ẹni Wẹ Ọmọ

Gbogbo ẹni tó kọ nǹkan nípa Dàágbó mi sínú ìwé ètò ìsìnkú rẹ̀ ló purọ́. Mo fẹ́ kó wà ní àkọsílẹ̀ pé èmi Sẹ̀námì, ọmọ ọmọ rẹ̀, ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ pé onísùúrù ni. Wọ́n kọ ọ́ pé ẹni jẹ́jẹ́ ni. Ẹnì kan tiẹ̀ kọ ọ́ pé kò bá èèyàn jà rí láyé rẹ̀, mo sì mọ ẹni náà, torí Dàágbó ti lé e jáde nílé wa lójú mi nítorí pé ó gbé ìgò ẹlẹ́rìndòdò lé tábìlì tí kò yẹ. Ibi tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yẹn níwájú pósí ni ẹ̀rín ti gbé mi. Mo fi gèlè bo ẹnu, èjìká mi ń mì, ìyá ìjọ kan sì ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn pé kí n ṣe sùúrù, pé gbogbo wa la máa lọ.

Mo ti ṣe sùúrù. Gbogbo oṣù tí mo fi bá a gbé lẹ́yìn tí mo bímọ ni mo fi ṣe é. Èmi ló ní kí n na aṣọ funfun sójú fèrèsé títí apá mi fi kú. Èmi ló ní kí n má mí. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: ó ní kí n má mí, torí èémí mi ń fẹ́ sára owó. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá máa sọ irú èèyàn tí bàbá yìí jẹ́, kí àwọn tó kọ ìwé ìsìnkú jọ̀wọ́ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún mi.

Dàágbó là ń pe bàbá bàbá ẹni ní Àgbádárìgì níbí, nínú èdè Gun. Tèmi ga, ó gbẹ, ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́ nígbà tí mo padà sílé, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ṣì ń ti yàrá dé etí ọ̀sà. Ibodè Sèmè ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Òun ló ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù wọn kọjá lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́lé, owó onírin tí kò sẹ́ni tó ń ná a mọ́ ni òun ń ṣà. Ó ṣà á nínú iyanrìn, ó tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn arìnrìn-àjò, ó fi ẹja díndín pààrọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìyá arúgbó. Sísì, tọ́rọ́, kọ́bọ̀ onihò, owó àwọn Faransé, gbogbo wọn wà nínú agolo bísíkíìtì ńlá kan lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni ọ̀níní, owó kékeré onihò ti ayé àwọn òyìnbó, tó ní adé lójú kan, tó ní ìràwọ̀ onígun mẹ́fà lójú kejì.

Bàbá mi bi í léèrè lójú mi lẹ́ẹ̀kan pé kí ló fẹ́ fi owó tí kò lè ra nǹkan ṣe. Dàágbó wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ìwọ náà kò tíì ra nǹkan fún mi rí," ló wí. "Mo ṣì fi ọ́ sílé."

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Kò sí ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ gún tí kì í gbé e lọ sílé. Ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, ó máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Topo lódì kejì ọ̀sà láti lọ ra àgbọn. Àgbọn pọ̀ nílùú wa débi pé ó ń já lé orí òrùlé. Kò jókòó nínú ọkọ̀ náà rí. Á dúró gbọnrangandan láàárín, á fi ọ̀pá tì, ọkọ̀ á máa mì, àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ á máa bẹ̀ ẹ́. Ìyá rẹ̀ ló ń sá àgbọn ní Topo nígbà ayé rẹ̀. Dàágbó á ra ẹyọ kan, á ní kí wọ́n là á, á tọ́ ọ wò, á sì gbé e padà fún ẹni tó tà á fún un. Ẹnì kan fi ìbínú bi í pé kí ló wá ń wá lọ́dọ̀ àwọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó ní, "Mo wá wò ó bóyá ẹ ti ń tún un ṣe."

Wàyí o, ọ̀níní kan wà nínú agolo yẹn tí kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn yòókù. Ìyá Dàágbó ti bí àwọn ọmọ ṣáájú rẹ̀ tí wọn kò dúró. Nígbà tó wá bí òun, ó so ọ̀níní kan mọ́ ọn lọ́rùn pẹ̀lú okùn ìpẹja, kí ọmọ lè mọ̀ pé wọ́n fẹ́ ẹ, kó sì jókòó. Ó jókòó. Ó jókòó kọjá ọgọ́rin ọdún, gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀ ọ́n lára. Owó náà dúdú bí ìdí ìkòkò, torí òróró àgbọn àti èéfín ti wọ̀ ọ́, dúdú yẹn ni Dàágbó sì fi ń dá a mọ̀ láàárín àwọn tó mọ́lẹ̀ jù ú lọ. Ọjọ́ tí mo gbé ọmọ mi obìnrin dé ilé ló ti ṣèlérí pé òun yóò so ó mọ́ ọn lọ́rùn bó bá ti hu eyín. Ó sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí. Mo ní ẹlẹ́rìí.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò gbà pé ti Dàágbó nìkan ni owó yẹn. Ìyá Àjàṣẹ́ là ń pè é, àbúrò rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù, tó lọ́kọ sí Àjàṣẹ́ lẹ́yìn ibodè. Ó ní nígbà tí àìsàn dá òun wólẹ̀ ní kékeré, ìyá wọn tú ọ̀níní náà lọ́rùn ẹ̀gbọ́n, ó so ó mọ́ òun. Dàágbó ní irọ́ ni, pé obìnrin kò so ó rí. Àtìgbà tí àwọn méjèèjì ti ń rìn ní ìhòòhò ni wọ́n ti ń ja ìjà yìí, wọ́n jà á nígbà ìgbéyàwó, wọ́n jà á níbi òkú ìyá wọn. Nígbà tó sì wá di ayé Wasáàpù, Ìyá Àjàṣẹ́ kò sinmi mọ́. Orí fóònù tèmi ni ohùn rẹ̀ ń bá wọlé, torí fóònù Dàágbó kò mọ̀ ju kó dún lọ.

Mo ṣì ní ohùn náà lọ́wọ́. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi hàn mí. Ìyá wa kì í so nǹkan kó yọ̀. Ibi tó bá ta kókó sí létí ihò, ibẹ̀ ló máa wà títí okùn yóò fi jẹ owó náà. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan ló so ó mọ́, ojú okùn kan ló máa wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ méjì, ẹ ti purọ́ mọ́ mi láti kékeré. Ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ fi ránṣẹ́."

Dàágbó ní kí n tún un gbé sí i. Ó gbọ́ ọ tán, ó tu itọ́. Ó ní òun á yà á, ojú á sì ti àbúrò òun.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣe. Kò sí ará ilé wa tó ń lọ sí iwájú ẹ̀rọ fọ́tò láìwẹ̀, láìpara, láìfi àtíkè sọ́rùn. Dàágbó rò pé bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kó rí fún owó. Mo gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ilé dá. Ó da gbogbo ohun tó wà nínú agolo bísíkíìtì sínú ọpọ́n tí mo fi ń wẹ ọmọ, ọpọ́n tí mo gbé wá láti ilé ọkọ mi. Ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó bu eérú lé e, ó mú kàn-ìn-kàn-ìn, ó sì wẹ̀ wọ́n. Ó wẹ ẹ̀yìn wọn, ó wẹ ihò wọn. Nígbà tí mo fi máa padà dé, ó ti sá wọn sórí ẹní níwájú ilé, gbogbo wọn ń kọ mànà lójú oòrùn, òun náà ti wẹ̀, ó ti wọ bùbá funfun, ó jókòó tì wọ́n bí ìyàwó tó bí ìbejì.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n," ló wí, orúkọ tó máa ń pè mí nìyẹn bó bá fẹ́ bú mi, "gbé fóònù wá. A ti múra."

Mo bi í pé, "Dàágbó, èwo ni tiyín níbẹ̀?"

Ó nawọ́ láti mú un. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè. Gbogbo ọ̀níní tó wà lórí ẹní náà funfun báláú, kò sí èyí tó dúdú nínú wọn mọ́.

Mo kàwé gboyè nínú kẹ́mísírì, mo sì ń fi kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́. Mo sọ fún un, pẹ̀lú ohùn tí ìyàwó ilé kejì gbọ́, pé omi ọsàn ń jẹ irin, pé eérú ń ha á, pé ohun tó kó kúrò lára àwọn owó yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí, ọjọ́ orí wọn ni. Mo sọ fún un pé kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣe láyé tó ń fọ owó àtijọ́ kó tó yà á. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lọ bá àbúrò mi pẹ̀lú ìdọ̀tí lára ni?"

Ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi àtàǹpàkò pa ihò wọn. Awọ ọwọ́ rẹ̀ ti yi jù, kò mọ nǹkan kan lára. Ó gbé wọn sún mọ́ ojú, ojú kò gbà á. Nígbà tó yá, ó ní, "Sẹ̀námì, bí mo bá kú kí n tó rí i, èyíkéyìí lẹ máa mú so mọ́ ọmọ yìí lọ́rùn, ẹ ó sì máa purọ́ fún un." Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bú u tán ni mo wọlé lọ wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára nínú ilé.

Iṣẹ́ náà rọrùn láti sọ. A ó ya etí ihò ọ̀níní kọ̀ọ̀kan, a ó fẹ̀ ẹ́ títí yóò fi tóbi bí àwo, a ó wá ibi tí okùn ti jẹ ẹ́. Ẹ dán an wò nílé yín kí ẹ rí i.

Mo gbé ọ̀níní kan sórí tábìlì, mo gbé fóònù sún mọ́ ọn, ó ṣe bàìbàì. Mo sún mọ́ ọn sí i, ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Dàágbó ń wò mí. Ó dìde, ó gbé ojú rẹ̀ wá síwájú ojú mi títí imú wa fi kanra, òórùn aáṣà rẹ̀ gbà mí lọ́fun. Ó ní kí ni mo rí. Mo ní n kò rí nǹkan kan, Dàágbó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún. "Fóònù náà kò rí nǹkan kan," ló wí, "òun ni kò lẹ́nu láti bẹ̀ ọ́." Mo gbé fóònù sẹ́yìn tó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan àtààbọ̀, mo yà á láti ibẹ̀, mo wá fi ìka fẹ àwòrán náà nígbà tí mo yà á tán. Ó mọ́. N kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, n kò sì ní dúpẹ́ lónìí, torí imú mi ló bà jẹ́.

Ó wá ku ọwọ́ gbígbọ̀n. Ẹni tó bá di fóònù mú lọ́wọ́ ya nǹkan tó kéré tó ọ̀níní, bó ti wù kó rọra tó, àwòrán á mì. Ohun tó yẹ ni kéèyàn gbé fóònù lé orí agolo, kí ojú rẹ̀ yọ síta díẹ̀, kí owó wà nísàlẹ̀, kéèyàn sì ní kí fóònù fúnra rẹ̀ yà á lẹ́yìn tí ọwọ́ bá ti kúrò lára rẹ̀. Mo ṣàlàyé èyí fún Dàágbó, mo wọlé lọ pààrọ̀ aṣọ ọmọ. Nígbà tí mo fi máa jáde, ó ti ṣí agolo mílíìkì ọmọ mi tí n kò tíì fọwọ́ kàn, ó ti da ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú ìṣaasùn ọbẹ̀, ó ti fọ agolo, ó ti nù ún gbẹ. Mo bi í pé kí ló dé tí kò gbé agolo náà bó ṣe kún. Agolo tó kún ló wúwo, èyí tó wúwo ló ń dúró. Ọmọ tó wà ní kíláàsì àkọ́kọ́ mọ èyí. Dàágbó wo ìṣaasùn, ó wò mí, ó wo ọmọ.

"Mo rò pé kò ní fẹ́ kí wọ́n jókòó lé oúnjẹ òun."

Ilé wa kò jẹ́ ilé mọ́ láti ọjọ́ náà. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tan fáànù, torí fáànù ń mi tábìlì. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dín ẹja, torí èéfín ń bo ojú fóònù. Òun tó ṣe òfin yìí ló ń fi ìka tó ti kan epo pupa di fóònù mú, tí àwòrán bá sì rí bí ẹni wà nínú ìkùukùu, á ní ọyẹ́ ni. Nígbà tí mo tan iná fóònù, gbogbo ojú owó di funfun bí ìgbà tí mànàmáná kọ; mo pa á. Nígbà tí oòrùn ń ti orí ọ̀sà tàn wọlé tààrà, ó tún ń kọ mànà. Aṣọ funfun tín-ínrín ló yẹ ká ta sójú fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè rọ̀. Aṣọ wo ni Dàágbó mú? Léèsì funfun tí mo fi sọ ọmọ lórúkọ. Ta ni ó ní kó dì í mú? Ẹni tó ni léèsì. Mo dúró síbẹ̀ bí igi tí wọ́n sá aṣọ sí, òógùn ń ṣàn wọ inú etí mi, bàbá yìí wà nídìí tábìlì tó ń ṣe bí ọba. Ọjọ́ kan ni a rí ọ̀níní kan tó pupa rẹ́súrẹ́sú nínú àwòrán. Ó pariwo pé wúrà ni, ó ní a ti lówó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín ilé fún àwọn ọmọ rẹ̀ lórúkọ-lórúkọ. Mo sún fóònù, mo sì rí i: fìlà pupa orí rẹ̀ ló ń hàn lára owó. Mo ní kó ṣí fìlà. Ó ní òun kì í ṣí fìlà fún ọ̀níní.

Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà débi pé mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Òun náà rẹ́rìn-ín títí aáṣà fi gbà á nímú, ó sín, gbogbo ọ̀níní tó wà lórí tábìlì fò lọ sábẹ́ àga, a sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kó hàn pé mo ń bínú lọ́wọ́ ni gbogbo àkókò yẹn.

Síbẹ̀, a kò rí ojú okùn kankan. Àwòrán mọ́, adé hàn, lẹ́tà hàn, ṣùgbọ́n etí ihò gbogbo wọn rí pẹrẹsẹ. Ọkàn Dàágbó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀wẹ̀sì. Kò jẹun dáadáa. Á bá ọmọ mi jókòó, á máa fọwọ́ pa á lórí, á máa sọ fún un pé òun ń bọ̀, pé òun ń wá ọ̀níní rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kan, mo ti ìlẹ̀kùn fèrèsé dé, ó ku àlàfo kékeré kan ní ẹ̀gbẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, ó sì ń gbálẹ̀ wá lórí tábìlì. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí a ń ṣe tí kò dáa. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti òkè wá ń mú gbogbo nǹkan tẹ́. Èyí tó bá ti ẹ̀gbẹ́ wá, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀, a máa fi òjìji sínú gbogbo kòtò, bó ti wù kó kéré tó. Mo tẹ́ aṣọ dúdú sábẹ́ owó, mo fi bébà funfun kan dá díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ náà padà láti òdì kejì, mo tún gbogbo wọn yà. Dàágbó ṣí fìlà.

A rí i. Mo so fóònù mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ọ̀níní kan sì kún ojú rẹ̀ bí òṣùpá. Àwọn ibi tí kàn-ìn-kàn-ìn ti ha á hàn bí ìlà ọwọ́. Ìràwọ̀ náà hàn. Ní àárín rẹ̀, ihò. Ní etí ihò náà, lápá òkè, kòtò kékeré kan tó dán, bí ibi tí eyín ti bu iyán jẹ. Dàágbó ti gbé àga rẹ̀ dé iwájú tẹlifíṣọ̀n, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ó fi ìka sí kòtò náà lórí gíláàsì, ó ní, "É nyọ́," èyí tí í ṣe pé ó dára ní Gun. Ó ní, "Èmi rè é."

Ó wá fi ìka náà yí ihò ká bọ̀ wá sísàlẹ̀. Ó dúró. Kòtò kejì wà níbẹ̀. Ó kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó hàn ketekete, ó sì dán bíi tirẹ̀.

Mo fọwọ́ bo ẹnu ara mi. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ ohun tí ìyẹn ná mi.

Dàágbó ti rí mi tí mò ń gé etí àwòrán kúrò lójú fóònù, ó mọ̀ pé ó ṣeé ṣe. Ó ní, "Ṣé a lè gé apá ìsàlẹ̀ yẹn sọnù ká tó fi ránṣẹ́?"

Mo ní ó ṣeé ṣe, pé tirẹ̀ ni. Mo fi ìka gé e. Ojú tẹlifíṣọ̀n ku ìlàjì ọ̀níní, ìlàjì ìràwọ̀, àti kòtò kan ṣoṣo. Kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ láéláé. Ó wò ó títí.

"Ó dà bí ẹni tí wọ́n gé létí," ló wí. "Dá a padà."

Mo dá a padà. Ó ní kí n má tíì fi ránṣẹ́, pé ó di ọjọ́ kejì.

Ní ọjọ́ kejì, mo jí, kò sí bàbá. Kò sí ọ̀níní náà pẹ̀lú. Obìnrin tó ń ta mọ́ínmọ́ín lẹ́nu ọ̀nà wa ní òun rí i lẹ́yìn ọ̀kadà, ó dojú kọ Sèmè. Kò mú oògùn rẹ̀ dání. Kò mú ìwé tí ẹni tó ń kọjá ibodè ń mú dání. Bàtà tuntun tí mo rà fún ọkọ mi ló wọ̀. Gbogbo ọjọ́ náà ni mo fi ń pe fóònù rẹ̀ tó sì ń dún nínú yàrá. Mo ti ń ro ohun tí n óò sọ fún bàbá mi, mo ti ń rí Dàágbó lójú mi níbi tó ti dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀kadà já a sílẹ̀ níwájú ilé, ó ń kọrin, ó di àpò búrẹ́dì Àjàṣẹ́ mú. Mo bi í pé báwo ló ṣe kọjá láìsí ìwé. Ó ní òun kọ́ àwọn ọ̀gá àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ ní iṣẹ́. Mo bi í pé owó dà.

"Ó wà lọ́rùn ẹni tó so ó kẹ́yìn."

Mo ní, "Dàágbó, ọmọ mi lẹ ní ẹ máa so ó mọ́. Ẹ sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí."

Ó wo ọmọ mi tó jókòó sáàárín ilé, tó fi ìrẹsì kun gbogbo ojú, tó ń fi ọwọ́ méjèèjì lu àwo. "Èyí? Èyí ti jókòó. Okùn kọ́ ni yóò dì í mú. Ẹ tètè wá bí yóò ṣe máa dìde."

Mo ní kí ló wá sọ fún Ìyá Àjàṣẹ́ nígbà tó débẹ̀, ṣé ó tọrọ àforíjì. Ó wò mí bí ẹni tí mo bú.

"Àforíjì kí ni? Mo ní a ya fọ́tò rẹ̀, kò dáa. Mo ní ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e wá fúnra mi."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò. Àwòrán yẹn ni àwòrán tó dára jù tí mo yà láyé mi. Ó mọ́ débi pé èèyàn lè rí ibi tí okùn ti fà sínú kòtò méjèèjì. Mo fi léèsì mi, mílíìkì ọmọ mi, imú mi àti èémí mi rà á. Ó lọ gbé irọ́ kalẹ̀ ní ilẹ̀ àjèjì pé mi ò mọ̀ ọ́n yà. Mo bá a jà fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko lórí rẹ̀. Ohun tó ń wí kò ju, "Ẹ̀yin ọmọ ìwé, ẹ kì í fẹ́ kí wọ́n bá yín wí."

Ojú oorun ló gbà lọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lórí àga rẹ̀ lójú fèrèsé, lẹ́yìn tó ti bá ọmọ mi jà lórí àgbọn. Kò ṣàìsàn, kò dágbére, kò dá mílíìkì padà.

Ìyá Àjàṣẹ́ wá síbi ìsìnkú. Obìnrin kúkúrú kan ni, ojú Dàágbó gẹ́lẹ́ ló wà lórí ọrùn rẹ̀. Gbogbo ohun tó wọ̀ ló dúdú, àyàfi ọ̀níní tó funfun báláú lọ́fun rẹ̀ lórí òwú dúdú. Nígbà tí wọ́n ti bo ilẹ̀ tán, tí àwọn èèyàn ń lọ jẹun, ó ní kí wọ́n pe Sẹ̀námì wá. Ó ní kí n jókòó tì òun. Ó ń fi àtàǹpàkò pa owó náà bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀, mo sì rí ibi tí èékánná rẹ̀ ń lọ: ó ń wọ kòtò òkè, ó ń yí ihò ká, ó ń wọ kòtò ìsàlẹ̀, ó tún ń padà lọ.

"Ìwọ lẹ̀gbọ́n mi ní ó ya fọ́tò owó yìí," ló wí. "Ó ní kò dáa rárá. Ó ní ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n. Ṣé òótọ́ ni?"

Fóònù wà lọ́wọ́ mi. Àwòrán náà wà nínú rẹ̀. Mi ò ní ju kí n ṣí i lọ. Mo ti múra ẹjọ́ yìí sílẹ̀ láti ọjọ́ tí bàbá yẹn ti dé pẹ̀lú búrẹ́dì lápá, mo mọ gbólóhùn tí n óò fi bẹ̀rẹ̀, mo mọ èyí tí n óò fi parí. Ìyá arúgbó náà ń wo ẹnu mi. Èékánná rẹ̀ ti dúró sínú kòtò òkè, èyí tí kì í ṣe tirẹ̀.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Ọwọ́ mi ló gbọ̀n."

Ó mí kanlẹ̀. Ó nawọ́, ó sì fi pa mí lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Má jẹ́ kó dùn ọ́, ọmọ mi," ló wí. "Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló mọ fọ́tò yà."